Iná Lórí Igi Píà Gabriel

Àṣìṣe ni wọ́n fi gbin igi náà. Ọdún tí Gabriel àti Ọlábímpé ìyàwó rẹ̀ kó wọ ilé wọn ní Thamesmead Moorings ní London, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé kò ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ, ṣùgbọ́n "oko mi" ni Gabriel ń pè é. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀gbìn, ó rí igi tí wọ́n kọ "pear" sí lára, ó rà á, ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ewé rẹ̀ ń gbá gbogbo èrò lójú.

"Bímpé, a bọ́ lọ́wọ́ rírà! Píà tí a ó máa fi jẹ búrẹ́dì rèé o!"

Moráyọ̀ ọmọ wọn, tó ṣì wà nílé ìwé nígbà náà, ló ka ohun tí wọ́n kọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Daddy, this is not avocado o! Píà òyìnbó ni!" Ìyẹn èyí tó rí bí ápù tí wọ́n fà lọ́rùn. Gabriel wo igi, ó wo ọmọ, ó wo kòtò tó ti gbẹ́ sílẹ̀.

"Àlejò tí mo fi orúkọ ẹlòmíràn pè, tó sì jẹ́ mi lóhùn," ó ní, "ṣé kí n wá lé e padà ni?"

Ó gbìn ín. Láti ọjọ́ náà, bí Gabriel bá ti ti ibi iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì dé, kò tíì ní bọ́ bàtà tí yóò ti lọ kí igi rẹ̀. Igi náà ga, ó fẹ̀, ó ń ṣe ìbòòji fún aṣọ tí wọ́n sá. Èso nìkan ni kò so.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n Gabriel kú ní Ìkirè. Ó di dandan kó lọ sin ín, kó sì dúró yanjú ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn, ọ̀rọ̀ tí kì í tán bọ̀rọ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú, ohun kan ṣoṣo ló rán ìyàwó rẹ̀ létí. "Bímpé, igi mi o."

"Mo ti gbọ́, bàbá igi. Ẹ máa lọ, kí ọkọ̀ má fi yín sílẹ̀."

Ọlábímpé fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń fi ohun lé lọ́wọ́ kó sọnù. Ní ọsibítù tó wà lẹ́bàá Woolwich Common, níbi tó ti ń tọ́jú aláìsàn, àwọn dókítà mọ̀ pé bí ó bá ti wà lórí iṣẹ́, ọkàn ẹni balẹ̀. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkirun ló dàgbà sí, ìyá náà ló fi Sáàmù bọ́ ọ, tó fi oríkì wẹ̀ ẹ́. Bí Ọlábímpé bá sì dúró lórí àdúrà, ilẹ̀ a mọ̀ pé ẹnìkan dúró lórí òun.

Àdúrà yìí gan-an ló kó o síyọnu. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wàásù lórí igi tí kò so èso, ọ̀rọ̀ náà sì wọ Ọlábímpé dé egungun. Ó délé, kò tíì tú gèlè, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó nàka sí igi ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ igi yìí! Omi tó o ti mu nílé yìí tó wẹ ọmọ tó fi relé ọkọ! Bó o bá so lọ́dún yìí, o so. Bó ò bá so, kí iná Ọlọ́run jó ẹ dé gbòǹgbò! Fire!"

Moráyọ̀ yọrí lójú fèrèsé òkè. Ó ti di ọmọge oníṣẹ́ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ilé ìyá rẹ̀ ló ṣì ń sùn, ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ṣì ń lá. "Mummy! Leave the man's tree alone, please!"

"Mò ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ìwọ wá gbé ìrẹsì kaná, kí n má baà bá ìwọ náà sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó jẹun, ó gbàgbé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àfi bí ẹni pé igi gbọ́. Kò pẹ́ tí igi náà fi tanná, irú èyí tí kò tanná rí. Ó funfun láti òkè délẹ̀, oyin ń kùn lórí rẹ̀ bí ìjọ tó ń gba àdúrà. Ọlábímpé ká a sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí Ìkirè, Gabriel sì fi ijó tirẹ̀ ránṣẹ́ padà, nínú àgbàlá bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ń já bọ́. Ọlábímpé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń fi ìtìjú bo ẹnu ẹlẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni òjò oṣù karùn-ún dé, tí oòrùn sì ń mú láàárín rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé aṣọ lọ sá, ó rí i pé ìtànná apá òkè ti pọ́n, òmíràn ti dúdú. Àwọn ẹ̀ka tútù tẹ orí kodò bí ọ̀pá àwọn darandaran. Ewé wọn rọ, ó dúdú, síbẹ̀ kò já bọ́. Ó so rọ̀ síbẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n wi lórí iná. Agbọ̀n aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Moráyọ̀! Moráyọ̀ o!"

Moráyọ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ó ya igi náà, ó fi fóònù wádìí rẹ̀. "Okay, I've got it. Fire blight ni."

"Kí lo pè é?"

"Fire blight."

"Fire?"

"Mummy, it's just the name. Àìsàn ni."

Ṣùgbọ́n Ọlábímpé ò gbọ́ "blight". Fire tó pè ló gbọ́, fire tó sì pè ló rí. Ó jókòó sórí koríko tútù, ó gbá àyà mú. Ẹnu òun ni. Ẹnu òun ló jó igi tí ọkọ òun fi sílẹ̀ lọ́wọ́ òun. Kí ni òun yóò sọ fún un bó bá dé?

Nígbà tí Moráyọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, Ọlábímpé gbé òróró àdúrà jáde nínú yàrá. Òjò ń ṣẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ẹ̀ka tó ti jó, ó fi òróró kùn wọ́n, ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì, ó sì ń bọ̀ wá sísàlẹ̀, ẹ̀ka kan tẹ̀ lé ìkejì, títí dé àwọn tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kò fo ọ̀kankan. Bí Gabriel bá pè, ó ń gbé fóònù kojú ògiri.

"Igi mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, òjò ni kò jẹ́ kí n jáde."

"Òjò kí ni, tó ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé?"

"London mà ni, bàbá Moráyọ̀. Ẹ ti gbàgbé kíákíá báyìí?"

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí dúdú fi yọ lórí àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ pe iná, ilé gbogbo ń mì tìtì, ẹnu Ọlábímpé ò là. Arákùnrin kan wà ní ìjọ náà, Adébọ́lá, tó ń bójú tó oko píà àti ápù kan ní Kent, tó máa ń wakọ̀ wá sí ìjọ. Ìlà ẹ̀yìn Ọlábímpé ló máa ń jókòó sí, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n jáde, ó sún mọ́ ọn.

"Mummy Moráyọ̀, ẹ kú ìsìn o. A ò gbọ́ ohùn yín lónìí. Ṣé kò sí?"

Ẹkún ni Ọlábímpé fi dá a lóhùn, ìtàn sì tẹ̀ lé ẹkún. Adébọ́lá fetí sílẹ̀ dé òpin.

"Mummy, oko wa náà ní in lọ́dún tó kọjá. Odindi ìlà píà kan ló jó. Ọ̀gá mi òyìnbó nìyẹn o, tí kò gbàdúrà rí láyé ẹ̀. Ta ló wá pe iná tiwa?"

Ọlábímpé fi ìborùn nu ojú. "Hẹn?"

"Kòkòrò tí ojú ò lè rí ni. Inú ìtànná ló ń gbà wọlé. Oyin ń gbé e kiri, òjò ń fọ́n ọn ká, bí ooru bá wá mú díẹ̀, ó dọjà. Wọ́n pè é ní fire torí pé ó jọ ohun tí iná jó. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, mo máa wá wò ó."

Ọjọ́rú ni ilẹ̀ gbẹ. Adébọ́lá dé pẹ̀lú ayùn, àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, àti àgbá irin kan nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀. Ó yí igi náà ká, kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ọ̀bẹ kékeré bó èèpo ẹ̀ka kan tó jó, ó pe ìyá àtọmọ wá wo abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ èèpo náà pọ́n bí omi tíì, ó sì ń sàn wálẹ̀ gba inú igi, ó ti kọjá ibi tí ewé dúdú parí sí.

"Ẹ rí i? Ibi tí ojú rí kọ́ ló dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gé e jìnnà sísàlẹ̀. Ẹ̀ka kékeré, ó kéré tán gígùn apá láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀ka ńlá, ìlọ́po méjì."

"Adébọ́lá, ṣé kò sí oògùn tí a lè da sí i nídìí? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

"Òótọ́ ni, Mummy. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọlé yìí, oògùn ò bá a mọ́. Àwa náà ní oko, tí píà bá ti ń tanná, à ń rìn láàárín wọn lójoojúmọ́, à ń wò, à ń gé, à ń sun. Iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi. "Ìgbẹ́ adìyẹ lẹ dà síbí?"

"Kó lè so ni."

"Ẹ bọ́ ọ yó jù. Ẹ̀ka tó bá ń yára dàgbà, ara rẹ̀ máa ń rọ̀, àrùn yìí sì fẹ́ràn ara rírọ̀." Lẹ́yìn náà ló rí àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó sì fajúro. "Àwọn tibí yàtọ̀. Wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, bí ẹni pé ẹnìkan ń gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Èmi ni," ni Ọlábímpé wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo fi òróró yàn wọ́n."

"Láti òkè wá sísàlẹ̀? Nínú òjò? Ọwọ́ kan náà?"

Ọlábímpé gbé ọwọ́ sókè, ó ń wò ó bí ọwọ́ àlejò. "Yéè! Èmi! Èmi tí mo lé pásítọ̀ padà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù pé ẹ lọ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni!"

Moráyọ̀ ò lè mú un mọ́ra. "Mummy, infection control!"

"Pa ẹnu ẹ dé jọ̀ọ́."

Ṣùgbọ́n ohun kan tú nínú rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ẹnu ni. Ọwọ́ ni. Ohùn tó ti jáde, ta ló lè ṣà á padà? Ọwọ́ ṣe é fọ̀. Ó wọlé, ó gbé ìgò spírítì jáde, ó bu ú sínú ife ńlá, ó sì dúró ti Adébọ́lá. Bí Adébọ́lá bá gé ẹ̀ka kan, Ọlábímpé á gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á rì í, á nù ún, kó tó jẹ́ kó gé òmíràn. Nígbà tí Adébọ́lá fẹ́ fo ọ̀kan, ó gbá a lọ́wọ́.

"Aláìsàn mìíràn nìyẹn! Mú un wá."

"Mummy, ẹ máa bọ̀ wá síṣẹ́ ní Kent o."

Wọ́n gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tó bàjẹ́, méjì tí àrùn ò dé sì ṣẹ́kù. Ó wá ku orí igi gan-an, ẹ̀ka ńlá tó nà gan-an sókè, tí Gabriel máa ń gbójú sókè wò. Adébọ́lá bó èèpo rẹ̀, ó tún bó o nísàlẹ̀, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó ti wọ inú rẹ̀. Tó bá ti dé ìtì, a máa hú igi yìí ni. Tí kò bá tíì dé ìtì, orí rẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ lọ. Igi Daddy ni, Mummy. Ẹ pè wọ́n."

Moráyọ̀ ló bá ìyá rẹ̀ tẹ fóònù. Ojú Gabriel yọ, fìlà rẹ̀ ṣẹ́ sẹ́yìn, ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Moráyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Igi yín ni." Ló bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìwàásù, gèlè, iná, òróró, òjò tó fi ṣe àwáwí. Nígbà tó parí, kò gbọ́ nǹkan kan ju ewúrẹ́ lọ. Ìgbà tó gbójú sókè, èjìká Gabriel ló ń mì. Ẹ̀rín ni.

"Bímpé, eku tó wà lábẹ́ kíṣìnì wa ńkọ́? Láti ọjọ́ tó o ti ń pe iná lé e lórí, ó ti bímọ, ọmọ rẹ̀ ti gbéyàwó. Iná tí kò mú eku, ṣé igi ló máa mú?"

Adébọ́lá kọjú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín. Moráyọ̀ ò kọjú síbì kan.

"Iná tó o pè, a rí i," ni Gabriel ń sọ. "Ìtànná ló dé. Gbogbo Ìkirè ni mo fi hàn. Èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣe tìẹ." Ohùn rẹ̀ wá dínkù. "Adébọ́lá, ẹ kú iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gé orí rẹ̀, ṣé ó máa yè?"

"Daddy, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n tí a ò bá gé e, kò ní yè."

Gabriel ṣí fìlà, ó nu orí. "Ẹ gé e. Ṣùgbọ́n Bímpé, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gé e bí igi ìdáná. Bá mi kí i."

Ọlábímpé dúró. Ó rántí bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń wẹ ọmọ tuntun ní Ìkirun, bí omi ṣe ń gbóná, bí wọ́n ṣe ń na apá ọmọ, na ẹsẹ̀ ọmọ, tí ọmọ ń han, tí oríkì kò sì kúrò lẹ́nu ìyá títí ọmọ fi sùn. Ṣùgbọ́n kí ni oríkì píà òyìnbó? Kò sẹ́ni tó fi sílẹ̀ fún un. Adébọ́lá gbé ayùn lé ara igi. Ọlábímpé fi ọwọ́ kan tó ti fọ̀ kan ìtì náà, ó sì la ẹnu.

"Píà, ọmọ òtútù,
a-bọ́ṣọ-lójú-ọ̀tá-má-kú.
Ó wọ́wé tán, ẹlẹ́gàn ní ó di igi ìdáná,
ó rúwé padà, ẹlẹ́gàn fọwọ́ bo ẹnu.
Àjèjì tó dé ilẹ̀ onílẹ̀ tó ta gbòǹgbò,
wọ́n forúkọ ẹlòmíràn pè ọ́, o ò bínú.
Igi Gabriel, dìde dáhùn,
ọ̀bẹ ìwòsàn kì í pa ọmọ olóore."

Ayùn ń lọ. Orí igi wó lulẹ̀. Wọ́n wo ojú ibi tí wọ́n gé: àbàwọ́n pupa wà níbẹ̀, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ọlábímpé fọ ayùn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gé. Àbàwọ́n náà ti tín-ín-rín bí òwú. Ọlábímpé kò dá oríkì dúró. Ó fọ ayùn. Ibi tó kù kò jìnnà sí ìtì mọ́, bí wọ́n bá tún rí pupa níbẹ̀, ó parí nìyẹn. Adébọ́lá gé e. Ó fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun igi kúrò.

Ó funfun bí ẹ̀kọ Ìkirun.

"Ó mọ́!" ni Adébọ́lá pariwo. "Mummy, ó mọ́!"

Ọlábímpé ti wà lórí eékún. Nínú fóònù tí Moráyọ̀ dì mú, ní Ìkirè, Gabriel náà wà lórí eékún, ewúrẹ́ ń wò ó.

Wọ́n sun gbogbo ohun tí wọ́n gé nínú àgbá irin náà, ewé kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Moráyọ̀ ti lọ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò kí wọ́n kó aṣọ wọlé. Nígbà tí èéfín ń lọ, Adébọ́lá jẹ iyán, ó jẹ ẹran, ó sì kọ̀ láti gba ohunkóhun mìíràn. "Bí a bá dúpẹ́ oore àná, a ó rí òmíràn gbà. Ẹ ti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ máa wò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ ò sí mọ́. Tó bá sì tún tanná lásìkò tí kì í ṣe àsìkò, ẹ já a. Ìtànná tó pẹ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì ni."

Láàárọ̀ láàárọ̀, kí Ọlábímpé tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich, ó ń kí igi. Lóṣù keje, èèhù tútù yọ lára ìtì. Ó kíyè sí wọn títí, kò rí dúdú kankan.

Ìparí oṣù kẹjọ ni Gabriel dé. Kò bọ́ bàtà. Ó fi báàgì lọ́rùn, ó gba àárín ilé kọjá dé ẹ̀yìnkùlé, Ọlábímpé tẹ̀ lé e. Gabriel dúró níwájú ohun tó kù: ìtì kan, ẹ̀ka méjì, èèhù mélòó kan. Ó ṣí fìlà.

"O kú ewu," ló wí fún igi. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ náà, o kú ewu, Bímpé. Ọlọ́run ò jẹ́ ká ṣọ̀fọ̀ méjì lọ́dún kan."

Ó sì tún yíjú padà, ó kígbe. "Bímpé! Wò ó! Ó tanná!"

Lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ìdì ìtànná funfun kan ṣoṣo ló là, nínú oṣù kẹjọ. Gabriel fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ìbòòji fún un bí ẹni tó ń dáàbò bo àbẹ́là. Ọlábímpé sún mọ́ ọn. Ó sọ ohun tí Adébọ́lá wí fún un.

"Ọ̀kan péré yìí náà?"

"Ibẹ̀ ni yóò gbà wọlé."

Gabriel wo ìtànná, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Já a fúnra rẹ. Ọwọ́ mi ò ní gbé e."

Ọlábímpé wọlé, ó fọ ọwọ́ dáadáa, ó fi spírítì pa á. Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì di ìdí ìtànná náà mú. "A rí ọ, a dúpẹ́," ló wí. "Máa bọ̀ lásìkò rẹ." Ó já a, ó sọ ọ́ sínú ọ̀rá, ó di ẹnu rẹ̀.

Gabriel ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn èèhù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó nàka sí èyí tó gún jù. "Èyí ni yóò di orí rẹ̀ báyìí. Mú ọ̀pá kan fún mi." Ó wá okùn, ó kúnlẹ̀ nínú koríko. Ọlábímpé di ọ̀pá náà mú gbọn-in, ó ń kí igi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ sì ṣe ń so okùn, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe àmín.